Ohùn Aláìsàn Nínú Káàdì: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rọ Agbọ́rọ̀kọ Láti Ararọ̀mí-Òwu

Ẹ jẹ́ ká fi màmá àgbàlagbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ararọ̀mí-Òwu ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ oko kòkó ni wọ́n fi tọ́ ọmọ. Ara wọn kò yá, ọ̀kadà gbé wọn dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n jókòó síwájú nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, inú ń run mí láti ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń gún mi, orí ń fọ́ mi, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà." Gbogbo ohun tí màmá sọ ló yé e yékéyéké, ọmọ Yorùbá lòun náà. Lẹ́yìn náà ó dorí kodò, ó kọ ọ́ sínú káàdì: body pains, 5/7. Èdè ilé ìwòsàn ni 5/7 yẹn, ọjọ́ márùn-ún ló dúró fún.

Rírun, gígún, fífọ́, ríro: ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni màmá kà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹ́kù nínú káàdì. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ìrora. Inú ló ń runni, orí kì í runni. Egbò ló ń tani, eegun ló ń roni. Ẹni tó ní àyà ń gún òun kò sọ ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní àyà ń já òun; ẹ̀rù lè máa ba ẹnìkejì yìí, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń lù kìkì. Dókítà tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn ti rí ọ̀nà díẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án rárá. Ṣùgbọ́n dókítà tí wọ́n bá kọ ìwé sí ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn kò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó wà nínú ìwé ni yóò kà.

Ní báyìí, ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ. Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ní òkèèrè ti rà á, wọ́n ti ń lò ó nílẹ̀ wa náà, àwọn tó ń tà á sì ń sọ pé yóò tú dókítà àti nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ́wọ́ bírò. Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò nítorí ìbéèrè kan péré: ṣé yóò dá ohùn màmá Ararọ̀mí-Òwu padà sínú káàdì, àbí yóò kàn jẹ́ ká tètè máa kọ body pains?

Ní agbègbè Ararọ̀mí-Òwu níbí, Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Apòmù ni ti Ìṣọ̀kan. Ẹni tó bá ti rin títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dòdò ibẹ̀ nìkan ló rà láti ojú fèrèsé ọkọ̀. Àárín ilé ìwòsàn ńlá méjì ni agbègbè yìí bọ́ sí: UCH ní Ìbàdàn, àti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Àìsàn tó bá ju agbára ilé ìwòsàn alábọ́dé lọ, ọ̀kan nínú méjèèjì ló sábà máa ń gbà. Ìwé ló ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn lójú ọ̀nà yẹn. Nítorí náà, fún wa níbí, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì lásán.

A kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé òkèèrè nìkan ni ọgbọ́n ti ń wá. Láti ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland ti jọ dáwọ́ lé bí wọn yóò ṣe kó àkọsílẹ̀ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà. Ní 1991 ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orí ètò kan tí ilé ìwòsàn àwọn ológun-fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ń lò ni wọ́n gbé e lé, àtúnṣe rẹ̀ ló wá di MINPHIS, tí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Abimbola Soriyan ní Ifẹ̀ àti Mikko Korpela láti Finland wà lára àwọn tó kọ nípa iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rántí pé kò tíì sí fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a mọ̀ lónìí gan-an, ọdún 1991 yẹn ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èèyàn ló ń tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Dókítà á kọ ọ́ sínú ìwé, òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù á wá tẹ̀ ẹ́. Ìṣòro ọwọ́ yìí gan-an ni ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ ní òun fẹ́ yanjú.

Ìtàn ẹ̀rọ náà kò kéré. Ọdún 1952 tí wọ́n dá UCH sílẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe Audrey, ẹ̀rọ tó lè dá òǹkà mọ̀ láti òdo dé ẹẹ́sàn-án, bí ẹni tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ kọ́ ọ bá rọra ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di 1997 kí Dragon NaturallySpeaking tó dé, tí èèyàn fi lè máa sọ̀rọ̀ lọ geere láìdánu dúró láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Àwọn dókítà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á mọ́ra. Ìmọ̀ Dragon bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Nuance, Microsoft sì ra Nuance ní bílíọ̀nù 19.7 dọ́là, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2021, wọ́n parí rẹ̀ ní 2022.

Kí ló dé tí owó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìwé kíkọ ti fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ dókítà lọ́wọ́ ni. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2016 ṣọ́ dókítà 57 lẹ́nu iṣẹ́: bí wọ́n bá lo wákàtí kan pẹ̀lú aláìsàn, wọ́n ń lo bíi wákàtí méjì nídìí kọ̀ǹpútà àti tábìlì ìwé. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Permanente ní àríwá California gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí kò dúró de kí dókítà máa pe ọ̀rọ̀ fún un. Ó ń gbọ́ dókítà àti aláìsàn bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, ó sì ń fúnra rẹ̀ kọ àkópọ̀ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, dókítà 3,442 lò ó níbi ìpàdé dókítà àti aláìsàn 303,266.

Irú méjì nìyẹn, ó sì yẹ ká ya wọ́n sọ́tọ̀, nítorí àwọn tó ń polówó sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, dókítà ń pe ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ń kọ. Bó bá ṣì í, dókítà rí i lójú ẹsẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí òun sọ. Nínú ti èkejì, ẹ̀rọ ló ń pinnu ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ èèyàn méjì àti ohun tí yóò fò. Ẹni tó bá ka àkópọ̀ náà kò lè rí ohun tí ẹ̀rọ fò.

Báwo ló ṣe ń gbọ́ gan-an? Kì í gbọ́ bí a ṣe ń gbọ́. Yóò gé ohùn sí wẹ́wẹ́, ègé kan kì í tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, yóò wo bí ìró ṣe ga àti bó ṣe lọ sílẹ̀ nínú ègé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi í wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ohùn tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù ni yóò kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù lójú ẹ̀rọ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ jù. Gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ ibẹ̀: ohùn ta ni wọ́n fi kọ́ ọ?

Ní Amẹ́ríkà gan-an, ìwádìí kan tó jáde ní 2020 dán ẹ̀rọ Amazon, Apple, Google, IBM àti Microsoft wò. Bí aláwọ̀ funfun bá sọ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń ṣi 19 kọ. Bí aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà bá sọ ọgọ́rùn-ún, 35 ni wọ́n ń ṣì. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ, inú orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Nípa ti ilé ìwòsàn, ìwádìí 2018 kan yẹ àkọsílẹ̀ 217 wò tí ẹ̀rọ kọ fún àwọn dókítà. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àṣìṣe inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí àwọn tó ń fi àtúnkọ ṣiṣẹ́ ṣe ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó wálẹ̀ sí 0.4. Èmi ka òǹkà méjì yẹn ní àkàtúnkà. Ohun tó mú àkọsílẹ̀ náà ṣeé gbára lé ni èèyàn kan tó jókòó, tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀rọ wá sí Ìkirè tí kò mẹ́nu ba ẹni tí yóò máa kà á, ìdajì ọjà ló gbé wá.

Nílẹ̀ wa, orúkọ tó gbajúmọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Intron. Tóbi Ọlátúnjí, dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Wọ́n rí i pé àwọn dókítà kò fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ̀wé, ni wọ́n bá yíjú sí ohùn. Ẹ̀rọ tó wà lọ́jà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohùn jọ fúnra wọn. Ní 2023 wọ́n fi AfriSpeech-200 síta fún gbogbo ayé: wákàtí 200 Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn 2,463 láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 13 sọ, oríṣi ahọ́n 120, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Nígbà tó fi di 2024, iléeṣẹ́ náà ní àwọn ti kó wákàtí 16,000 jọ lẹ́nu èèyàn tó lé ní 18,000. Wọ́n tún sọ pé ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àbájáde àyẹ̀wò X-ray àti scan tó ń gba wákàtí 48 kí ó tó jáde ti di ọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ nípa ọjà ara rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rí ìdí tó fi lè rí bẹ́ẹ̀. Dókítà tó ń ka àwòrán X-ray, òun nìkan ló wà nínú yàrá. Yàrá náà pa rọ́rọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ọ̀rọ̀ tó ń lò kò sì lọ títí: ẹ̀dọ̀fóró, eegun ìhà, ọkàn, ó dára, kò dára. Ó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ kó tó fọwọ́ sí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kò sí ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn ńlá kan máa dúró dè. Aláìsàn láti Apòmù tó sùn sí Ìbàdàn ní ọjọ́ méjì nítorí ìwé X-ray, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ mìíràn tí àwọn èèyàn Intron ṣe ní 2023 ló dán bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ orúkọ wa wò. Àkọlé iṣẹ́ náà ló sọ pé ńṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà bí alápatà ṣe ń pa ẹran. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kéré ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, tó gbọ́ bí Adébáyọ̀, Adébọ̀wálé àti Adébísí ṣe ń dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mọ bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan ṣe lè bọ́ sínú fáìlì ẹlòmíràn.

Gbogbo èyí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Màmá Ararọ̀mí-Òwu kò sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ti Yorùbá, àwọn èèyàn wa kò jókòó. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Ifẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ Yorùbá. Ní 2023, Tolúlọpẹ́ Ògúnrẹ̀mí, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ÌròyìnSpeech jáde: wákàtí 42 tí èèyàn 80 kà sínú ẹ̀rọ. Ní 2024, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí èèyàn lè máa sọ sínú fóònù kó kọ ọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde N-ATLaS, tó gba Yorùbá, Haúsá, Igbo àti Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wa. Mo kí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé wákàtí 42 sẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí 680,000 tí OpenAI ní àwọn fi kọ́ Whisper, ẹ̀rọ agbọ́rọ̀kọ wọn tí gbogbo ayé ń lò, kí ẹ rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Bí orúkọ ÌròyìnSpeech sì ṣe fi hàn, ìwé ni àwọn èèyàn náà ń kà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìròyìn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ bí ìròyìn nígbà tí ibà ń ṣe é?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lé e.

Aláìsàn kan ní: ẹ̀jẹ̀ wà nínú itọ́ mi. Òmíràn ní: ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀ mi. Ti àkọ́kọ́, ẹnu ló ti jáde, dókítà á máa ronú ikọ́ fée àti ẹ̀dọ̀fóró. Ti èkejì, ó lè jẹ́ àtọ̀sí ajá, ó sì lè jẹ́ kíndìnrín. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú Yorùbá tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ láìfi àmì sí, ohun tí wọ́n sì fi kọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ̀rọ tó bá kọ "eje wa ninu ito mi" ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti sọ àìsàn náà nù. Àwa tí a ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i lórí WhatsApp lójoojúmọ́ wà lára àwọn tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá tún kúrò ní Yorùbá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà mìíràn ni. Ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ wá ní: "Wọ́n ti bì lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, wọn ò sì jẹun." Ìyá kan ṣoṣo ni, ọ̀wọ̀ ló wà nínú "wọ́n" yẹn, bí èmi náà ṣe ń pe màmá Ararọ̀mí-Òwu ní "wọ́n" láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ̀rọ tí kò mọ ọ̀wọ̀ lè sọ ẹnìkan di ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bì nínú ilé kan, ohun tí ilé ìwòsàn fi ń fura sí onígbáméjì. "Ó" wa náà kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ lára obìnrin. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, yóò yan ọ̀kan fúnra rẹ̀, aboyún á sì di ọkùnrin nínú fáìlì ara rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sọ fún bàbá kan pé: "Ẹ máa lò ó ní méjì méjì, láàárọ̀ àti lálẹ́." Bí ẹ̀rọ bá ka àwítúnwí sí àkálòlò tó sì gé ọ̀kan kúrò, oògùn méjì péré ló kù fún gbogbo ọjọ́. Obìnrin kan rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ojú ara ń yún òun. Gbogbo àgbà obìnrin mọ ohun tó sọ àti ìdí tó fi pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lè kọ ọ́ pé ojú ló ń yún un, kó sì fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Mi ò tíì kan ẹnu Ìkirè àti ẹnu Òwu tó yàtọ̀ sí ti akéde tẹlifíṣọ̀n, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ oko kòkó tó wá láti ilẹ̀ Àgàtú àti Ìgbìrà, tí wọ́n ń fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ lóko sọ àìsàn wọn. Mi ò sì tíì kan nọ́ọ̀sì tó ń ní "BP yín ti lọ sókè, one-sixty over hundred," Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nínú gbólóhùn kan.

Èyí tó tún burú ni pé ẹ̀rọ lè kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2024 dán Whisper wò, ó sì rí i pé nínú bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tó gbọ́, odindi gbólóhùn ni ó hùmọ̀ sí i. Ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àhùmọ̀ wọ̀nyí ló lè pa ènìyàn lára: ọ̀rọ̀ ìwà ipá, ọ̀rọ̀ tí kò wáyé nípa ẹnìkan, àti irú wọn. Ó sì pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tí ìdákẹ́jẹ́ gígùn máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ ro bàbá tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fi ọ̀rọ̀ kún. Ní ọdún náà, àwọn oníròyìn AP fi hàn pé iléeṣẹ́ Nabla, tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí Whisper, tí oníṣègùn àti òṣìṣẹ́ ìlera tó lé ní 30,000 ń lò nígbà náà, máa ń pa ohùn tí ó gbà rẹ́, nítorí ààbò dátà, wọ́n ní. Bí ohùn bá ti parẹ́, kí ni a ó fi yẹ àkọsílẹ̀ wò?

Ọ̀rọ̀ ààbò dátà àti àṣírí aláìsàn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Òfin ètò ìlera ti 2014 sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, òfin ààbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn èyí tó gbọdọ̀ ní ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ìlú kékeré ni tiwa. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ nínú ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́ kó tó gbọ́ orúkọ rẹ. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ó yẹ kí wọ́n sọ fún aláìsàn ní Yorùbá tó dán mọ́rán pé ẹ̀rọ yóò gba ohùn rẹ̀, ibi tí ohùn náà ń lọ, àti pé bó bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kó tẹ ìka sí kò tó.

Iná àti dátà? Gbogbo wa mọ bó ṣe rí. Àwọn ẹ̀rọ kan wà, Whisper náà wà lára wọn, tí èèyàn lè gbé sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kó máa ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ìyẹn kọ́ ni òkè tó ga jù.

Ohun kan tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sábà béèrè ni irú ìwé tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé ń kọ gan-an. Kì í ṣe àkópọ̀ gígùn bíi ti dókítà Amẹ́ríkà. Rẹ́jísítà ni: ti aboyún, ti àjẹsára, ti ìgbẹ̀bí, ti àwọn tó wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò kọ iye sínú fọ́ọ̀mù tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ètò kọ̀ǹpútà ìjọba tí wọ́n ń pè ní DHIS2. Mi ò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi nítorí body pains rẹ̀. Àyè tí wọ́n fún un nínú rẹ́jísítà kò ju ìka méjì lọ. Ẹ̀rọ tó bá lè gbọ́ "ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, àjẹsára igbóná, ìwọ̀n rẹ̀ kílò mẹ́jọ" kó sì fi í sí àyè rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, nọ́ọ̀sì á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ kò pọ̀, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Fún dókítà tó ń pe Gẹ̀ẹ́sì sínú ẹ̀rọ ní UCH tàbí Ifẹ̀, tó sì ń kà á kó tó fọwọ́ sí i: kí wọ́n lò ó. Fún rẹ́jísítà nọ́ọ̀sì: kí wọ́n dán an wò, kí ìwé má sì kúrò nílẹ̀ títí yóò fi dá wọn lójú. Fún ẹ̀rọ tó ń jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn ní Yorùbá, tó sì ń sọ ọ́ di àkópọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: mi ò fọwọ́ sí i báyìí, n kò sì ní fọwọ́ sí i títí ohun mẹ́ta yóò fi wà. Kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, kí Yorùbá náà sì wà nínú fáìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kí nọ́ọ̀sì ka Yorùbá náà sétí aláìsàn kó tó dìde, kí aláìsàn ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ohùn náà wà ní ìpamọ́ fún ìwọ̀n àkókò tí wọ́n bá jọ fi ẹnu kò lé.

Àǹfààní tó wà nínú rẹ̀ tóbi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń le mọ́ ọn. Káàdì wa kò lè gba gbogbo ọ̀rọ̀ màmá, nítorí bírò kan àti àyè ìka méjì ni. Ẹ̀rọ kò ní ìṣòro àyè. Ó lè tọ́jú rírun, gígún, fífọ́ àti ríro bí màmá ṣe pè wọ́n, láìgba àkókò nọ́ọ̀sì. Irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè kọ ohun tí wọn kò fi kọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí yóò wá láti California wá kó ọ̀rọ̀ àìsàn jọ ní Òwu. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè àti àṣà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 kò jìnnà sí wọn. Mo bẹ àwọn méjèèjì: ẹ jọ kó ohùn àwọn àgbà jọ, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ẹ san owó fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ àìsàn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, láìka ìwé kankan.

Ìwọ nọ́ọ̀sì tó ń ka èyí, o kò ní láti dúró de ẹ̀rọ. Kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí o wá kọ ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá, kí o sì fi àmì sí i. Bó ti wù kí àyè káàdì kéré tó, ó gba "inú ń run mí".